Àǹkóò Tí Ahọ́n Ń Wọ̀

Gbogbo wa la mọ àǹkóò. Bí ìdílé kan bá fẹ́ ṣe ìnáwó, wọn yóò yan aṣọ kan, ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò rà á, wọn yóò sì rán an. Lọ́jọ́ ìnáwó, kò sẹ́ni tí yóò máa béèrè ta ni ará ilé ìyàwó, ta ni ará ilé ọkọ. Aṣọ ti sọ ọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ń wá orúkọ fún ohun kan tí àwọn fáwẹ̀lì máa ń ṣe nínú ọ̀rọ̀, orúkọ aṣọ yìí ni wọ́n mú: wọ́n pè é ní àǹkóò fáwẹ̀lì. Inú ìwé gírámà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá a pàdé. Wọn á kọ́ ọ sórí nítorí ìdánwò, bí ìdánwò bá sì parí, ó parí náà nìyẹn. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀ ní tèmi, nítorí mo ti rí i tó gba ọmọ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sín. Kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ bá mi dé ọjà. Ẹni tó ń ta ẹja, ẹlẹ́ja ni. Ẹni tó ń ta ata, aláta ni. Epo ló bí elépo, ọsàn ló bí ọlọ́sàn, owó ló bí olówó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “oní”, ló wà níwájú gbogbo wọn. Oníyọ̀ àti oníṣu ló tú àṣírí rẹ̀ fún wa, nítorí pé níwájú ìró i, “oní” máa ń fara hàn bó ṣe rí gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá pàdé fáwẹ̀lì mìíràn, i tirẹ̀ á jẹ́ pípajẹ, n rẹ̀ á di l, o tó wà níwájú á sì bọ́ aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀, á wọ ti àlejò tó dé. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan tó jókòó kọ́ òfin yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n rán ní ata kì í ní òun ń lọ sọ́dọ̀ “oláta”. Aláta ni yóò pè é, yóò sì sáré lọ.

Àǹkóò tí ìwé gírámà ń sọ jinlẹ̀ ju ti ọjà yìí lọ. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ló wà nínú Yorùbá: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ẹ fi ìka kan sí àgbọ̀n yín, kí ẹ pe e, kí ẹ sì pe ẹ tẹ̀ lé e. Àgbọ̀n yóò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o àti ọ, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìka yín kò lè kàn ni ìdí ahọ́n lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀fun. Ó máa ń sún síwájú fún e àti o, ó sì máa ń fà sẹ́yìn fún ẹ àti ọ. Àmì kékeré tí à ń fi sábẹ́ lẹ́tà, ìyàtọ̀ inú ẹnu yìí ló dúró fún.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é pín sí wẹ́wẹ́: ewé, ejò, epo, oko, owó, olè. Kò sí àmì lábẹ́ fáwẹ̀lì kankan. Ẹ tún wo ẹsẹ̀, ẹyẹ, ẹ̀dọ̀, ọwọ́, ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀. Àmì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Bí ẹ bá wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kan tí e àti ọ ti jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tàbí ẹ àti o, yóò rẹ̀ yín. Ilé méjì ni e, o àti ẹ, ọ. Àwọn ará ilé méjèèjì kì í wọ aṣọ ara wọn. Ìgbà tí a bá kan ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nìkan la máa ń bá wọn pa pọ̀. Adébọ́lá, fún àpẹẹrẹ, kó “adé” àti “ọlá” wá láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn mẹ́ta tó kù kò sí nínú ìjà yìí, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. I àti u gba ilé méjèèjì lálejò: ewu wà, ẹ̀wù wà, orí wà, ọtí náà wà. Ṣùgbọ́n a kì í gba gbẹ̀rẹ́. E tàbí o tó bá ṣáájú a nínú irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ gba àmì: ọba, ọjà, ọ̀nà, ẹja, ẹ̀pà, ẹ̀wà. Bó bá jẹ́ pé a ló ṣáájú, kò dá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́kun: adé wà, àṣẹ náà wà. Ìyẹn ni pé láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àṣẹ ti ń wá síwájú.

Báwo la ṣe mọ̀ pé inú orí àwọn tó ń sọ èdè ni gbogbo èyí wà, pé kì í ṣe inú ìwé nìkan? Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù ni èdè kan tí àwọn ọmọdé máa ń sọ láàárín ara wọn, èyí tí à ń pè ní ẹ̀nà. Ẹ̀nà ni à ń fi bo ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí a kò fẹ́ kó gbọ́ lára. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí a sọ ní kékeré, tí àwọn ọmọ tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Mowe ṣì ń sọ, kò le: lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, fi g sí i, kí o sì tún fáwẹ̀lì tó ṣáájú g pè. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ìlú wa sílẹ̀ bí pátákó ojú títì ṣe kọ ọ́. A ó dé orí rẹ̀.) Ilé á di igilégé. Bàbá á di bàgàbágá. “Mo fẹ́ jẹ ẹ̀bà” á di “Mogo fẹ́gẹ́ jẹgẹ ẹ̀gẹ̀bàgà.” Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ kíákíá, àgbàlagbà tó jókòó tì wọ́n kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe. Ohùn sílébù ló ń tún pè, òkè, ìsàlẹ̀ tàbí àárín. Fáwẹ̀lì rẹ̀ náà ló ń tún pè, pẹ̀lú àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ á jẹ́ ogowógó, ọwọ́ rẹ̀ á jẹ́ ọgọwọ́gọ́. Bí ọmọ kan bá sọ “fẹ́gé” dípò “fẹ́gẹ́”, kíá ni ẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, wọn á ní kó tún un sọ. Ìlù dùndún máa ń mú ohùn ọ̀rọ̀, á fi fáwẹ̀lì sílẹ̀. Ẹ̀nà kó méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ nípa ìwé Ó Le Kú, kò fojú eré lásán wo ẹ̀nà. Ó kọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ lé e lórí ní 1982.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwọn ọmọdé ṣẹ̀dá ẹ̀dà fáwẹ̀lì yìí láti inú òfìfo. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà náà ń ṣe é, àní láti inú ọ̀rọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. “Ará ìlú” máa ń di “aráàlú” lẹ́nu wa, “ilé ìwé” sì máa ń di “iléèwé”. I tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì gba ìwà fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀, ó sì di ohùn tirẹ̀ mú. Àrànmọ́ ni ìwé gírámà ń pè é. Àwọn ọmọdé kàn mú ohun tí èdè ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ṣe kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn àṣírí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ tí mo mẹ́nu bà nìyí. Ẹ mọ bí agbègbè wa ṣe rí. Láti Ibafo dé Mowe, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí wọ́n wá kọ́lé tàbí wá háyà ilé pọ̀ lọ jàra. Onílé lè jẹ́ Ẹ̀gbá, ayálégbé ìsàlẹ̀ lè jẹ́ Ìjẹ̀bú, ti òkè lè jẹ́ Oǹdó, kí ẹlẹ́nu ọ̀nà jẹ́ Ìgbò. Nínú àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé Èkìtì ni wọ́n ti wá, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Nílé ìwé rẹ̀, ó kọ “ọrúkọ mi ni” sínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Olùkọ́ fi bíró pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó kọ “orúkọ” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, kò sí aburú: orúkọ ni Yorùbá àjùmọ̀lò ń kọ, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mí. Olùkọ́ ní kó dìde kó pe ọ̀rọ̀ náà sókè fún gbogbo kíláàsì, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ: Ará Oko. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, kò sọ Yorùbá mọ́. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ló fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀nà, ó yíjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí gbogbo wọn fi ẹ̀nà sọ orúkọ wọn fún mi. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀: “Ogorúgúkọgọ migi nigi...” Nígbà tó kàn án, ó rọra sọ ọ́: “Ọgọrúgúkọgọ migi nigi...” Ẹ̀rín fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́wọ́ sókè. Mo ní kí wọ́n pe méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi. Ẹ̀nà ti sọ fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan di méjì, kò sí bí ìyàtọ̀ ṣe lè fara pa mọ́. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àǹtí, tiẹ̀ bára mu. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe parí. Tiwa ni kò bára mu.”

Mo bi ọmọbìnrin náà pé kí ni wọ́n ń pe èlùbọ́ nílé wọn. Ó ní ẹ̀lùbọ́. Odídẹ ńkọ́, ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn? Ó ní ọdídẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kí ó fi àmì síwájú nítorí pé àmì wà lẹ́yìn. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bí i tàbí u bá wà láàárín, ó máa ń di ọ̀nà mọ́ àǹkóò: àmì tó wà lábẹ́ ọ tó kẹ́yìn “orúkọ” kò lè ré u kọjá dé iwájú. Ní Èkìtì àti Ifẹ̀, u kì í di ọ̀nà náà. Àǹkóò máa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba abẹ́ afárá, títí yóò fi kan fáwẹ̀lì tó ṣáájú. Ẹni tó ń pe “ọrúkọ” kò rú òfin. Òfin kan náà tó bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ó kàn tẹ̀ lé e dé ibi tí àwa yòókù ti dúró ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán, ọmọkùnrin yẹn wò ó, ó ní, “Àṣé ìwọ lo wọ àǹkóò pé.” Ọmọbìnrin náà kò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀nà ni ó fi kí mi pé ó dàárọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí ó ń ṣe kì í ṣe ohun ìtìjú fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1852, nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i tọ́ka sí bí arọ́pò-orúkọ ṣe máa ń yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà láti bá ti ọ̀rọ̀-ìṣe mu. Ìwà yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Èkìtì: “ó dé”, ṣùgbọ́n “ọ́ lọ”. Ní 1967, Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ àpilẹ̀kọ lórí àǹkóò fáwẹ̀lì Yorùbá, Ọládélé Awóbùlúyì náà sì kọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi “orúkọ” àti “ọrúkọ” wé ara wọn nínú ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín ọmọ ní kíláàsì ni àwọn yunifásítì ń fi ṣe ìwádìí.

Yorùbá nìkan kọ́ ló sì ń wọ àǹkóò. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò pín fáwẹ̀lì wọn sí ilé méjì bákan náà: ilé ni wọ́n ń pè ní ụlọ, àmì wà lábẹ́ méjèèjì, àga ni wọ́n ń pè ní oche, kò sí àmì kankan. Lọ́nà jíjìn, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ilé kan ni ev, ọ̀pọ̀ ilé sì ni evler. Ẹṣin kan ni at, ọ̀pọ̀ ẹṣin sì ni atlar. Ohun kan náà ni -ler àti -lar ń ṣe. Aṣọ tí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú wọ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó múra.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pátákó ojú títì. MOWE, IBAFO, IFO: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ wọ́n, láìsí àmì kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ká wò ó bóyá àǹkóò lè ràn wá lọ́wọ́. Bí MOWE bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe é pín, yálà kí àmì wà lábẹ́ fáwẹ̀lì méjèèjì tàbí kó má sí lábẹ́ ìkankan. Ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà pè é ti di méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀, òfin kò ní nǹkan kan láti sọ. Ní ti IBAFO, a ló ṣáájú o, ní ti IFO, i ni. Àwọn méjèèjì kì í dá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́kun, nítorí náà òfin tún dákẹ́. Àfi kí ọmọ ìlú la ẹnu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ EGBA, àjèjì pàápàá lè fi àmì sí i láìbéèrè, torí pé a ló wà lẹ́yìn: Ẹ̀gbá ni. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Mowe àti Ibafo wà nínú rẹ̀ gan-an kó ilé méjèèjì pọ̀: Ọbáfẹ́mi fi àmì wọṣọ láti orí dé ẹsẹ̀, àyàfi a àti i tó kẹ́yìn tí wọn kì í gba àmì; Owódé kò ní ẹyọ kan.

Èyí fi hàn mí pé òfin etí lágbára, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Níbi tí òfin ti dákẹ́, ẹnu àwọn tó ni ìlú nìkan ló mọ̀, bí ẹnu wọn bá sì dákẹ́ láìsí àmì nínú ìwé, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ibi tí wọ́n bí i sí. Nítorí náà ni mo ṣe ń yọ ọmọ lẹ́nu pé kó fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò kí í sọ fún un pé nítorí máàkì ni. Mo máa ń ní kó fi ẹ̀nà sọ ọ̀rọ̀ náà, kó wá kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ìgbà díẹ̀ ló máa ń ṣì í.

Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìwé kan wà lágbègbè wa tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Mo mọ òbí tó ń bẹ̀rù pé bí ọmọ òun bá gbọ́ Yorùbá jù, kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù yẹn kò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n a ti dán an wò rí. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣagbátẹrù rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìbéèrè kan péré ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ọmọ bá pe ọ̀rọ̀ kan lọ́nà tí kò sí nínú ìwé, kí ẹ tó mú bíró pupa, ẹ bi í pé, “Níbo ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀?” Ẹ wá fi bí ìwé ṣe ń kọ ọ́ hàn án, kí ó ní méjèèjì. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ń fi ẹ̀nà sọ yín lẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè lù wọ́n. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ẹ ó gbọ́ e àti ẹ, o àti ọ, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń tò wọ́n láìṣì kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa yín, ẹ yọ g kúrò.